Sẹ́ńsọ̀ Tí Mo Dá Lẹ́bi Láì Gbọ́ Tẹnu Rẹ̀

Ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo jókòó tì í tí mo ń wo aago. Ẹ̀rọ amáṣọgbẹ wa, èyí tí gbogbo wa nínú ilé ń pè ní díráyà, á bẹ̀rẹ̀ bó ṣe yẹ. Àgbá rẹ̀ á máa yí, fáànù á máa fẹ́, ojú ìlẹ̀kùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tó bá ti tó ìṣẹ́jú mẹ́tàlá tàbí kó lé díẹ̀, á dákẹ́ rọ́rọ́. Á ké pì, pì, pì, lẹ́tà kan àti nọ́ńbà méjì á sì yọ lójú rẹ̀. Mo ṣí ìwé ìlò. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n fi túmọ̀ àmì náà: sẹ́ńsọ̀ ooru ní ìṣòro, ẹ pe oníṣẹ́. Sẹ́ńsọ̀ ooru ni nǹkan kékeré tó ń sọ fún ẹ̀rọ bí inú rẹ̀ ṣe gbóná tó.

Kò sígbà tí irú èyí dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n ìgbà tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ rárá ló ṣẹlẹ̀. Màmá mi wà lọ́dọ̀ wa, ara wọn kò yá, wọn kò lè dá dìde. Ojoojúmọ́ la ń fọ aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì wọn, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mejì kí ilẹ̀ tó ṣú. Òjò ọ̀sẹ̀ yẹn kò dá, a ò rí nǹkan kan sá síta. Aṣọ tí kò gbẹ tán kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tẹ́ sábẹ́ àgbàlagbà tí awọ ara rẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi kánjú.

Ìkánjú náà ló mú mi ra sẹ́ńsọ̀ tuntun kí n tó fojú kan ẹ̀yìn ẹ̀rọ rárá. Mo yọ ẹ̀rọ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo tú ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì rí sẹ́ńsọ̀ náà lára ilé fáànù, lójú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ tó ti gba inú aṣọ kọjá ń gbà jáde. Kò ju orí ìka ọwọ́ lọ. Wáyà méjì ló so mọ́ ọn. Mo yọ ti àtijọ́, mo fi tuntun sí i, mo dé ìdérí padà. Aṣọ àkọ́kọ́ gbẹ. Èkejì náà gbẹ. Inú mi dùn débi pé mo sọ èyí tí mo yọ sínú garawa ìdọ̀tí. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìṣẹ́jú mọ́kànlá, pì, pì, pì.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n ń ṣe jẹun, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ yẹn, ó tún ti dákẹ́."

"O wọn èyí tó o yọ kó o tó pààrọ̀ ẹ̀?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n."

"O wọn tuntun?"

"Mi ò wọ̀n ọ́n."

"Kí lo wá fi mọ̀ pé òun ló bàjẹ́?"

"Ohun tí ẹ̀rọ kọ síta ni."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bọ́ọ̀dù tó ń darí ẹ̀rọ ló fẹjọ́ sùn. O ò tíì gbọ́ tẹnu sẹ́ńsọ̀, o ò sì tíì gbọ́ tẹnu wáyà. Lọ mú mítà tó o fi ń wọn iná."

Mo lọ wá sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ jáde nínú ìdọ̀tí, mo nù ún, mo gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà.

Ohun tó kọ́kọ́ yẹ kó yé mi, tí mi ò bi ara mi, ni ohun tí nǹkan kékeré yìí jẹ́ gan-an. Thermistor ni orúkọ rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú àwọn irin bíi manganese àti nickel, lẹ́yìn tí wọ́n ti dàpọ̀ mọ́ oxygen, ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á sun ún títí á fi le bí ìkòkò amọ̀. Iná mànàmáná lè gba inú rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìnira ni. Bí ara rẹ̀ bá tutù, ìnira náà á pọ̀. Bí ara rẹ̀ bá ń gbóná, ìnira náà á máa dín kù. Òun ni àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní ìdènà, ohm ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Èyí tó wà nínú ẹ̀rọ wa, 10,000 ohm ni ìdènà rẹ̀ tí ooru bá wà ní 25°C. Tó bá di 50°C, á ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 3,600. Tó bá di 60°C, nǹkan bíi 2,500 ló kù. Ẹ̀rọ mìíràn wà tó jẹ́ pé 5,000 ni tirẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, òmíràn 50,000, nítorí náà ẹ má ṣe fi iye tiwa dá tiyín lẹ́jọ́. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ sábà máa ń fi bébà kan pamọ́ sínú rẹ̀, nídìí ìdérí tàbí nísàlẹ̀ níwájú, èyí tí wọ́n ya gbogbo wáyà sí, tí wọ́n sì kọ iye tó yẹ kéèyàn bá nídìí sẹ́ńsọ̀ sí. Tiwa wà nínú ike kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú ìdérí ẹ̀yìn. Ó ti wà níbẹ̀ látìgbà tí a ti ra ẹ̀rọ náà.

Ó wù mí kí n sọ èyí náà, torí pé ó dùn mọ́ mi nígbà tí mo kà á: 1833 ni Michael Faraday ti kíyè sí ìwà yìí lára silver sulphide, èyí tó jẹ́ àdàpọ̀ fàdákà àti imí ọjọ́. Irin lásán, bí ó bá ṣe ń gbóná sí i ló ń dènà iná sí i. Òdìkejì ni ohun tó wà lọ́wọ́ Faraday ń ṣe. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1930, kí Samuel Ruben tó ṣe èyí tó ṣeé tà fún ìlò. Ìwà àràmàǹdà tí ọkùnrin kan rí nídìí iṣẹ́ ìwádìí ló wà nídìí fáànù díráyà lónìí, tó ń ṣọ́ aṣọ ibùsùn màmá mi kó má bàa jóná.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ẹjọ́. Bọ́ọ̀dù tó ń darí ẹ̀rọ kò rí ooru, kò sì rí ohm pàápàá. Fóòtì, ìyẹn ìwọ̀n agbára tó ń ti iná lọ, nìkan ló ń rí. Ká ní ó ń rán fóòtì 5 gba inú ìdènà kan tí kì í yí padà, tó jẹ́ 10,000 ohm, kó tó kan sẹ́ńsọ̀. Ní 25°C, àwọn méjèèjì dọ́gba, fóòtì 2.5 ni bọ́ọ̀dù máa bá láàárín wọn. Ní 60°C, fóòtì 1 ló máa bá. Bí ọ̀nà bá já pátápátá, 5 gangan ló máa rí, bí ìgbà tí yìnyín kún inú àgbá. Bí wáyà méjèèjì bá fara kanra, òdo ló máa rí, bí ìgbà tí iná ti sọ níbẹ̀. Bọ́ọ̀dù mọ̀ pé irọ́ ni méjèèjì, á pa hítà, á sì kọ àmì.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí nìyí. Àmì yẹn kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ bàjẹ́. Ohun tó sọ ni pé ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ òun kò ṣeé gbà gbọ́. Nínú ẹ̀rọ tiwa, láti ìdí sẹ́ńsọ̀ dé ìdí bọ́ọ̀dù, ó tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún wáyà. Ó yí ìdí àgbá po, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbẹ́ irin tó mú bí abẹ, ó wọ ojú ìsopọ̀ kan nísàlẹ̀, ó tún wọ òmíràn lókè. Gbogbo ọ̀nà yìí ni ìwé ìlò gé kúrú sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "sẹ́ńsọ̀". Mo ka èyí sí àìdáa ńlá. Àìmọye èèyàn ló ń ra ohun tí wọn ò nílò nítorí ọ̀rọ̀ kan yẹn, tí wọ́n sì ń da ohun tí kò ṣẹ̀ nù. Bó bá jẹ́ pé "sẹ́ńsọ̀ tàbí wáyà rẹ̀" ni wọ́n kọ, ìyẹn nìkan ì bá ti yọ mí.

Kí n tó tún fọwọ́ kan nǹkan, mo yọ ẹ̀rọ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo sì fi púlọ́ọ̀gì rẹ̀ síbi tí ojú mi ti lè máa rí i. Hítà díráyà kì í ṣe nǹkan eré. Láti nǹkan bíi 2,000 wátì dé 5,000 wátì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń jẹ, ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ. Kapásítọ̀ tó wà nídìí ẹ́ńjìnnì tó ń yí àgbá tún lè gbé iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ púlọ́ọ̀gì, nítorí náà mi ò sún mọ́ ibẹ̀. Mo wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, torí ẹ̀gbẹ́ àwọn irin inú ẹ̀rọ yẹn ń géni láì tíì fipá kàn án. Bó bá jẹ́ irú èyí tó ń lo gáàsì, tàbí èyí tó ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bíi ti fíríìjì, mi ò bá má ṣe ju kí n wọn sẹ́ńsọ̀ lọ, kí n sì pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ tiwa ni èyí tó ń fi hítà iná lásán gbóná, tó sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ olómi síta gba inú ọ̀pá.

Mo yọ sẹ́ńsọ̀ tuntun kúrò lára wáyà rẹ̀ kí mítà má bàa wọn nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Ooru yàrá jẹ́ 27°C. Mítà sọ 9,150 ohm. Mo wọn ti àtijọ́, èyí tó ti sùn nínú ìdọ̀tí. 9,200.

Mo ṣì ń wá bí mo ṣe máa gbà pé òun ló jẹ̀bi. Mo rò ó pé bóyá tútù nìkan ló mọ̀, pé tó bá gbóná ló máa tó kọsẹ̀. Mo wé e sínú ọ̀rá, mo so ẹnu rẹ̀ pinpin, mo ki í bọ inú ife omi gbígbóná pẹ̀lú ohun tí a fi ń wọn ooru ara omi. Mo dúró kí méjèèjì bára mu. Ní 60°C, 2,500 ó lé díẹ̀. Mo jẹ́ kí omi máa tutù lọ. Ní 50°C, ó sún mọ́ 3,600. Ní 40°C, nǹkan bíi 5,300. Nọ́ńbà náà ń gòkè ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò fò, kò sì dúró. Sẹ́ńsọ̀ tó bá ti sán nínú, ojú mítà á máa fò síhìn-ín sọ́hùn-ún. Tèmi ń ròyìn ooru omi yẹn bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Mo wò ó títí omi fi tutù. Ojú tì mí.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, aṣọ tí mo sá káàkiri inú yàrá, tí fáànù fẹ́ gbẹ, ni mo lọ tẹ́ fún màmá mi. Wọ́n fọwọ́ pa á.

"Èyí ò rùn," ni wọ́n wí.

"Kí ló ń rùn, màmi?"

"Àwọn tó ń ti inú ẹ̀rọ yẹn bọ̀ ni. Wọ́n ti ń rùn bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù fẹ́ jó, á ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo sọ fún ọ nígbà yẹn."

Òótọ́ ni, wọ́n sọ fún mi. Mo rántí ọjọ́ náà àti ibi tí mo dúró sí. Mo dá wọn lóhùn pé ọṣẹ tuntun ni, mo sì bá tèmi lọ.

Mi ò sùn dáadáa. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo tú ìdérí òkè, mo wá ojú ìsopọ̀ tí wáyà méjì sẹ́ńsọ̀ ti wọ bọ́ọ̀dù, mo fà á yọ, mo sì wọ̀n ọ́n látibẹ̀, pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ tuntun nídìí rẹ̀ nísàlẹ̀. Ooru yàrá kò tíì kúrò ní 27°C. Ó yẹ kí n rí 9,150. Ohun tí mo rí ni 10,150, kò sì dúró sójú kan. Ó ń mì, 10,100, 10,200, bí ẹni tí ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi padà. "Ẹgbẹ̀rún kan ohm ló lé, ẹ̀gbọ́n. Lára 10,000, ṣé ìyẹn ti tó nǹkan?"

"Ṣírò ẹ̀ nígbà tó bá gbóná," ni wọ́n sọ.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ṣírò rẹ̀, ó sì yà mí lẹ́nu. Tí inú ẹ̀rọ bá tutù, 1,000 ohm tó lé yìí kò tó nǹkan: bọ́ọ̀dù á rò pé 27°C jẹ́ nǹkan bíi 25°C, kò sì ní fura. Ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ bá ti dé 60°C, 2,500 péré ló yẹ kí sẹ́ńsọ̀ sọ. Fi 1,000 lé e, ó di 3,500. Létí bọ́ọ̀dù, 3,500 túmọ̀ sí 51°C. Ó fi ìwọ̀n mẹ́sàn-án dín. Bọ́ọ̀dù á ní ooru kò tíì tó, á fi hítà sílẹ̀ kó máa jó lọ. Bí inú àgbá ṣe ń gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ni irọ́ náà ń tóbi sí i.

Ìyẹn ni òórùn tí màmá mi ń gbọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò sí àmì kankan lójú ẹ̀rọ ní gbogbo àkókò yẹn, nítorí 3,500 kì í ṣe iye tí bọ́ọ̀dù lè fura sí. Kò jọ irọ́. Ìgbà tí ọ̀nà já pátápátá nìkan ló tó ké. Mo ti ń ronú nípa èyí láti ọjọ́ yẹn: àkókò tí ẹ̀rọ náà léwu jù ni àkókò tí kò sọ nǹkan kan. Ọjọ́ tó ń ké pì, pì, tí mo ń bínú sí i, ó ti pa hítà, ewu ti tán.

Ó wá ku ibi tó ti já. "Má fà á," ni ẹ̀gbọ́n mi sọ. "Bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. Jẹ́ kí mítà wà lórí ẹ̀, kó o máa fi ìka méjì rọ wáyà náà díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá." Mo gbé fóònù sílẹ̀ kí wọ́n máa gbọ́, mo bẹ̀rẹ̀. Mo ń rọ ọ́ ní ìwọ̀n ìka ọwọ́ kan sí ìkejì, mo ń ka nọ́ńbà jáde sókè. Ojú ìsopọ̀ òkè, kò sí nǹkan. Ẹ̀gbẹ́ àgbá, kò sí nǹkan. Níbi tí wáyà ti yí igun irin ẹ̀yìn, mo rọ ọ́ báyìí, ojú mítà kọ OL, ìyẹn ni pé kò rí ọ̀nà kankan. Mo tú u sílẹ̀, 10,100. Mo rọ ọ́, OL.

Ara rẹ̀ kò ní àpá rárá lóde. Mo fi abẹ la ike rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nínú lọ́hùn-ún, gbogbo fọ́nrán bàbà ti já, orí méjèèjì kàn ń fara kanra nínú ike náà ni, wọ́n sì ti dúdú. Ọjọ́ pípẹ́ ni àgbá yẹn ti ń mì, tí wáyà náà ń ká tó ń nà lójú kan ṣoṣo. Orí tó ti dúdú, tó kàn fara kan ẹnì kejì rẹ̀ lásán, òun ló ń bí 1,000 ohm yẹn. Tí ẹ̀rọ bá sì ti ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, ooru á dé ibẹ̀, ike á nà, orí méjèèjì á kúrò lára ara wọn.

Ìgbà yẹn ni ìdí tí aṣọ méjì fi gbẹ lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó yé mi. Nígbà tí mo ń fi tuntun sí i, mo ti sún wáyà. Orí méjèèjì tún pàdé díẹ̀. Mo wá gbà pé sẹ́ńsọ̀ ló wò ó sàn. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, ibi yìí ló kà mí láyà jù, torí ká ní ó ti gbẹ aṣọ mẹ́wàá dípò méjì, mi ò bá ti gbà títí ayé pé mo rí àìsàn rẹ̀, kí n sì máa sọ fún ẹlòmíràn pé bó ṣe rí nìyẹn. Bí ẹ bá pààrọ̀ nǹkan tí ẹ̀rọ sì ṣiṣẹ́, ẹ wọn èyí tí ẹ yọ. Bó bá wọ̀n dáadáa, ẹ ò tíì rí i.

Nígbà tí wàhálà yìí ń lọ lọ́wọ́, ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n yọ sẹ́ńsọ̀ dànù, kí n fi ìdènà 10,000 ohm lásán sípò rẹ̀, pé ẹ̀rọ kò ní ké mọ́. Òótọ́ ni, kò ní ké. Á máa rò pé 25°C ni nígbà gbogbo, hítà kò sì ní kú fúnra rẹ̀. Thermostat irin, ìyẹn ohun tó ń gé iná hítà tí ooru bá pọ̀ jù, àti fíúsì ooru nìkan ló máa kù láàárín aṣọ àti iná. Fíúsì ooru yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́: tí ooru bá kọjá ààlà, á já, kò sì ní so mọ́. Àwọn kan tún máa ń fi wáyà so òun náà kọjá. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é, ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe é nínú ilé tí èèyàn ń sùn sí. Ìhùùhù tó ń re lára aṣọ wà nínú ẹ̀rọ yẹn, iná kì í pẹ́ mú un.

Ìhùùhù náà, mo bá odidi ìkúùkù méjì nínú ọ̀pá tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ síta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mò ń kó ti ojú asẹ́ lẹ́yìn gbogbo aṣọ. Mo kó o kúrò. Tí ọ̀nà afẹ́fẹ́ bá dí, ẹ̀gbẹ́ hítà á gbóná kọjá ààlà, fíúsì á já, èèyàn á tún rò pé sẹ́ńsọ̀ ni. Ẹ tún má fi sẹ́ńsọ̀ ooru pe irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó ń hàn nínú àgbá. Ìwọ̀nyẹn ń wò bóyá aṣọ ṣì ní omi lára ni, fífi kànìnkànìn tútù nù wọ́n sì sábà máa ń tó.

Àtúnṣe gan-an kò gba àkókò. Mo gé apá ibi tó ti já kúrò, mo fi wáyà oníke sílíkónì tó lè fara da ooru rọ́pò rẹ̀, mo fi òjé jó orí wọn pọ̀, mo sì fi ike tó ń sún kì tó bá gbóná bò ó. Mo fi díẹ̀ kún gígùn rẹ̀ kó má baà nà, mo sì dè é jìnnà sí igun irin yẹn. Mo wọ̀n ọ́n látìdí bọ́ọ̀dù: 9,150. Mo rọ ọ́, mo mì ín, 9,150. Sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ ni mo dá padà sípò rẹ̀. Tuntun wà nínú dúrọ́ọ̀.

Mo kó aṣọ ibùsùn sínú rẹ̀, mo fi ohun ìwọn ooru sẹ́nu ọ̀pá, mo gbé àga, mo jókòó. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá kọjá. Mẹ́tàlá kọjá. Ní ogún ìṣẹ́jú, mo gbọ́ tí hítà kú, lẹ́yìn náà ó tún tàn, ó tún kú, bó ṣe yẹ kó máa ṣe. Kò jẹ́ kí ooru kọjá ibi tó yẹ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó parí, mo gbé aṣọ náà lọ sí yàrá màmá mi kí n tó ká a. Wọ́n gbé e símú, wọ́n gbóòórùn rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Ó ti dáa," ni wọ́n wí.

Mo padà lọ dé ìdérí ẹ̀yìn. Mo yọ bébà àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà nínú ike rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ fún ẹni tó bá máa tú u lẹ́yìn mi: ọjọ́ tí mo tún un ṣe, àwọ̀ wáyà tó já, igun tó ti já, àti "27°C, 9,150 ohm láti ìdí bọ́ọ̀dù, sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ ló ṣì wà níbí." Mo ká a, mo dá a padà sáyè rẹ̀, mo wá dé ìdérí.